Àga Tó Wà Níwájú Ẹ̀rọ Amúlétutù

                                        Ilé 214, Òpópónà Willow Bend,
                                        Carrollton, Texas,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Kẹjọ, 2025.

Súnkànmí mi àtàtà,

Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí. Bí kò bá sí ibi ìjókòó, wá nǹkan dì mú. Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi ń sọ fún ọ pé wọ́n ti gbé àga kan kúrò ní àyè rẹ̀ ní Farmers Branch, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas. Wọn kò gbé e jìnnà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n gbé e sí, inú gbọ̀ngàn kan náà ló sì wà. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó fara pa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó rójú jókòó nínú ilé tí mo ń gbé.

Kí n tó máa bá ìròyìn láabi yìí lọ, ó yẹ kí n kí ọ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ṣé dáadáa ni o wà? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń fà sẹ́yìn? Fèyísọ́lá aya rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bínú pé n kò wá síbi ìsọmọlórúkọ? Bá mi sọ fún un pé òkun ló wà láàárín, kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ṣé iná ń wà ní Òṣogbo? Níbi tí mo wà, iná kì í lọ, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí a rí nǹkan fi ṣe àwáwí. Ara tèmi náà le, bí a bá yọwọ́ ooru. Ooru Texas nínú oṣù Kẹjọ, bí o bá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan tó ti ń bínú sí ọ tipẹ́ ló jókòó sínú rẹ̀ tó ń dúró dè ọ́.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Dèjì, àbúrò bàbá mi, ni mo ń gbé. Nílé, igbákejì ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti ẹnu géètì wọlé, odidi ọgbà á dákẹ́. Níhìn-ín, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò ju àbíkẹ́yìn wọn lọ, "Deji" lásán ló sì ń pè wọ́n, ní gbangba, láàárọ̀ kùtù. Wọ́n á dáhùn. Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín sí i. Ọjọ́ Sátidé nìkan, nínú ẹgbẹ́ wa, ni ẹnikẹ́ni ń pè wọ́n ní Bàbá.

Ẹgbẹ́ náà ni Ẹgbẹ́ Àgbájọ Ọmọ Yorùbá, Àríwá Dallas. Ìdajì ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fríwéè, ìyẹn ọ̀nà márosẹ̀, la fi ṣe gbọ̀ngàn. Àwọn tó ń ta táìlì ló ni ìdajì kejì. Gbogbo àga tó wà níbẹ̀ jẹ́ àga onírọ́bà, àfi ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn ní apá, ó ní tìmùtìmù, ó sì wà níwájú ẹ̀rọ amúlétutù gan-an, tí atẹ́gùn tútù á máa fẹ́ sí ẹni tó bá jókòó sí i lọ́rùn. Olórí ẹgbẹ́ nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Bàbá Adéfọlá ni. Bọ̀dá Dèjì a máa jókòó sórí àga onírọ́bà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n á sì máa làágùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, dókítà olówó kan kó wá láti Houston. Ó dàgbà, ó lẹ́nu, ó sì ń wo àga náà bí ẹni tó ti sanwó rẹ̀. Bọ̀dá Dèjì ló gbé òfin tó lé e sílé kalẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn, wọ́n kà á fún wa bí ẹni ń ka èsì ìdánwò: nínú ẹgbẹ́ wa, kì í ṣe ọjọ́ orí, kì í ṣe owó, kì í ṣe oyè, ẹni tó bá ti kọ́kọ́ dé Dallas nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni àgbà, òun ni yóò sì jẹ Olórí nígbà tí àyè bá ṣófo. Kò sí ìdìbò. Ó tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn. O rántí bó ṣe rí ní họ́sítẹ̀lì ní Pólì, ẹni tó fi ọjọ́ kan ṣáájú wa wọ yàrá ló gba bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tó sì ń rán wa níṣẹ́ títí ọdún fi parí. Dókítà padà sí Houston. Bọ̀dá Dèjì dé Dallas ní 1996, kò sì sí ẹni tó ṣáájú wọn mọ́ àfi Bàbá Adéfọlá. Wọ́n wá fara balẹ̀, wọ́n ń dúró.

Ibi tí wọ́n dúró sí yìí ni Fergus bá wọn.

Ọmọ Scotland ni Fergus. Má pè é ní ará Gẹ̀ẹ́sì; bí ìgbà tí ènìyàn pe ará Ìjẹ̀bú ní ará Èkìtì ni, ó lè má bá ọ jẹun mọ́. Irun rẹ̀ pupa bí epo, kò sí ewú kan níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe: ọmọ ilẹ̀ òtútù tó wá ń fi òtútù jẹun láàárín àwọn ará ilẹ̀ ooru. Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀rọ gbọ̀ngàn wa kú nínú oṣù Keje, a sì pè é. Ó ṣì ń tú u lọ́wọ́ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí nígbà tí Bàbá Adéfọlá dé, àwa ọ̀dọ́ sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ìyẹn ni pé a fi ìka kan kan ilẹ̀ bí ẹni tí owó ẹyọ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fergus wò wá. Ó gbé sípánà sílẹ̀, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré, àyà nílẹ̀, imú nílẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí a lè dín ẹyin sí. Nígbà tó dìde, àwòrán kọnkéré wà níwájú orí rẹ̀.

Omi bọ́ lójú Màmá Stella, ọ̀kan lára àwọn ìyá ẹgbẹ́. Jessica, ọmọ Bàbá Adéfọlá, ló gbé bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà. Látìgbà tí wọ́n ti ń gbé e pọ̀n ni bàbá rẹ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, àmọ́ inú ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí. Ó juwọ́ sí àwọn àgbà, ó ní "Hi, everybody," ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀. Àwọn àgbà wo Jessica, wọ́n wo Fergus. Mo rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Bọ̀dá Dèjì fúnra wọn ló dìde tí wọ́n ní kí a gba Fergus wọ ẹgbẹ́. Ẹnì kan ní kí a fi ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́wọ̀, ti orúkọ lásán. Bọ̀dá ní rárá o, ọmọ ẹgbẹ́ tó pé ni kó jẹ́, pé ẹni tó mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀ tó báyìí, a kò gbọdọ̀ fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Fergus dúpẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nìyẹn. Aago mẹ́rin la kọ sórí ìwé ìpàdé, aago mẹ́rin ló sì ń dé. Kò tíì sí ẹni tó dán irú rẹ̀ wò rí láàárín wa. Nígbà tí a bá fi máa dé ní nǹkan bí aago mẹ́fà, yóò ti to gbogbo àga, yóò ti jẹ́ kí ilé tutù. Nítorí náà, a fún un ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn náà a fi í ṣe alábòójútó àga. Lẹ́yìn náà ó di ẹni tó ń kí àlejò káàbọ̀, nítorí òun nìkan ló máa ń wà níbẹ̀ tí àlejò bá dé. Ó kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ó wá ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní ní ìlú òun, àwọn ìyá kì í dáhùn ìkíni rẹ kí wọ́n tó bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Àwọn ìyá tiwa gbọ́ èyí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.

A kà á nínú ìtàn ní girama, ìwọ àti èmi: láyé àwọn amúnisìn, ọmọ Scotland kan á wọ ọkọ̀ ojú omi dé Èkó gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù, àpótí kan lọ́wọ́, ibà lára. Bí ọdún bá yí díẹ̀, òun ni adájọ́, òun ni alága àwọn oníṣòwò, òun ni ọba ń fọ̀rọ̀ lọ̀. Kó tó kú, òpópónà kan á ti máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti parí. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, àwa la fẹsẹ̀ ara wa wá sí ìlú onílùú, tí a dá kọ́lọ́nì kékeré tiwa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onítáìlì, tí a sì fi fóònù pe ọmọ Scotland kí ó máa bọ̀. Kò mú ìbọn lọ́wọ́. Àpótí irinṣẹ́ ló gbé wá. Ó kù díẹ̀ kí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, Bàbá Adéfọlá kéde pé àwọn ń padà sílé, Ìjẹ̀bú-Igbó, pé àwọn ti làágùn tó nílẹ̀ Amẹ́ríkà. A bá wọn yọ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, Bọ̀dá Dèjì ti gbé agbádá funfun kan lọ fún fífọ̀, wọ́n ti pe ìyá wọn ní Ọ̀yọ́, ìyá wọn sì ti dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ti di olórí Amẹ́ríkà. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Wọ́n ní kí n fi ìrẹ̀lẹ̀ sí i, àmọ́ kí ó má pọ̀ jù.

Nígbà tí ìpàdé pé, Yẹ́misí, akọ̀wé wa, ní òun yóò tẹ̀lé òfin: kí oníkálukú sọ ọdún tó dé Dallas, kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni Yẹ́misí ń bá ṣiṣẹ́, kì í fo nǹkan. Jessica wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí ẹrù bàbá rẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó dáhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ibí ni wọ́n bí òun sí. A rẹ́rìn-ín, a sì kọjá sí ẹlòmíràn. Bọ̀dá Dèjì dìde, wọ́n gbá aṣọ jọ. "1996," ni wọ́n wí, wọ́n sì rọra wo àga náà bí ẹni ń wo ilé tó fẹ́ kó wọ̀.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń to àga. "Èmi, ọdún 1989 ni mo dé, ẹ̀yin àgbà."

Súnkànmí, Fergus kò ní nǹkan lọ́kàn. Wọ́n bi í léèrè, ó dáhùn. Gbogbo ilé dákẹ́ débi pé a gbọ́ ẹ̀rọ tó tún ṣe fún wa, tó ń ṣiṣẹ́ geere. Màmá Stella ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ó dọ̀bálẹ̀ ju gbogbo yín lọ náà." Yẹ́misí ní kí a sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí a gbé àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì jókòó sí i. Alábòójútó àga ló gbé e. Fergus fúnra rẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà, Bọ̀dá Dèjì kò lè gbé ibì kan. Wọ́n á ní àwọn ń lọ ra epo ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ táńkì ti kún. Wọ́n á gba fríwéè dé Lewisville, wọ́n á yí padà. Wọ́n jókòó sórí gbogbo àga inú ilé, títí kan sófà tí mo ń sùn lé. Wọ́n á dìde, wọ́n á ní, "Wọ́n tún ti dé. A sá kúrò nílé, wọ́n tún bá wa dé ibí." Mo rán wọn létí pé Dallas ni a wà, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwa la dé bá a. Wọ́n wò mí títí mo fi lọ fọ abọ́ tó ti mọ́. Àárẹ̀ wọn ràn mí. Èmi náà wá ń rìn káàkiri ilé láìní ibi tí mo ń lọ, bẹ́ẹ̀ n kò du àga kankan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní kí n wọ ṣòkòtò, a ń lọ sílé Fergus ní Lancaster. Wọ́n ti ronú ọ̀nà àbáyọ. Òfin tó ní ọjọ́ orí kò já mọ́ nǹkan kan, ọjọ́ orí ni wọ́n fẹ́ fi ṣẹ́gun rẹ̀. Wọ́n ní Fergus mọ ẹ̀kọ́. Bí àwọn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bá bẹ̀ ẹ́, yóò yẹ̀bá.

A bá a ní gáréèjì rẹ̀, láàárín àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú palẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, dìde," ni Bọ̀dá wí. "Ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni mo bá wá. Èmi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìwọ, ọmọ ọdún mélòó gan-an ni ọ́?"

"Mo pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin nínú oṣù Kẹta, sà."

Bọ̀dá yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

"Ó ní òun ti lé ní àádọ́rin, sà."

"Mo gbọ́." Wọ́n wo irun pupa náà bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ kò bi mí, sà."

"O ti ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láti bí ọdún mẹ́rin."

"Iwájú ni ẹ máa ń jókòó sí, sà. Mo rò pé ẹni tó bá wà níwájú ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún."

Ìwọ náà mọ ohun tí èyí jẹ́. Ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ dàgbà jù wọ́n lọ ti ń fi àyà lélẹ̀ fún wọn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń na ọwọ́ sí i pé kó dìde. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó rántí bi òyìnbó ní ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí a kò mọ̀ pé ó ń kan àwọn náà. Àwọ̀ Bọ̀dá yí padà. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí," wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín gáréèjì. Fergus rí i, ẹ̀rù bà wọ́n, àwọn náà tún dọ̀bálẹ̀ padà. (Láti ibí lọ, "wọ́n" ni Fergus. Ojú ń tì mí fún gbogbo "ó" tí mo ti pè wọ́n.)

Àgbà ló ń sọ fún àbúrò pé kó dìde, ṣùgbọ́n àgbà gan-an wà nílẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Èmi náà kò lè dúró lé àwọn àgbà méjì lórí, mo bá lọ sílẹ̀. Zahrah, obìnrin tó ń gbé òdìkejì, tó ń bomi rin òdòdó, pariwo bi wá bóyá kí òun pe ọkọ̀ àwọn aláìsàn. Fergus gbójú sókè láti ilẹ̀, wọ́n ní kí ó má ṣèyọnu, pé a kàn ń kí ara wa ni.

Ibẹ̀ ni Bọ̀dá Dèjì ti sọ fún ilẹ̀ ohun tí wọn kò lè sọ fún ènìyàn. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ àga yẹn."

"Mo mọ̀."

"Níbi iṣẹ́ mi, ọmọ tí mo lè bí ń pè mí ní Deji. Mo sì ń jẹ́ ẹ. Mo kàn fẹ́ ibì kan tí n ó…"

Fergus ní, "Níbí, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tó ń pè mí ní ohunkóhun. Ẹ gba àga. Ẹ má ṣáà gba Sátidé lọ́wọ́ mi."

N kò rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìyẹn. Mo wá a.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ní ìpàdé ọ̀la, Fergus yóò jókòó sórí àga ní ìwọ̀n ìgbà tí òfin yóò fi mọ̀ pé wọ́n jókòó, lẹ́yìn náà wọ́n á dìde, wọ́n á sì fi àga lé àbúrò wọn lọ́wọ́. Bọ̀dá Dèjì kọrin ìyìn bọ̀ wálé. Wọ́n sùn. Mo gba sófà mi padà. Ọjọ́ mélòó kan la fi rí àlàáfíà báyìí, mo sì ti fẹ́ fi ìròyìn ayọ̀ pa lẹ́tà yìí dé nígbà tí ìkéde kan wọ orí fóònù wa lọ́sàn-án yìí. Mo dà á kọ sísàlẹ̀.

Bọ̀dá kà á lórí ìdúró. Wọ́n tún un kà. Wọn kò bínú. Wọ́n ká agbádá funfun náà lé apá, wọ́n mú omi, wọ́n mú búrẹ́dì, wọ́n mú ìrọ̀rí mi, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá, ọ̀la ni ìpàdé o."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Ìró ọkọ̀ wọn ni mo ń gbọ́ nísàlẹ̀ yìí. Bá mi kí Màmá dáadáa, kí wọ́n má gbàgbé oògùn ẹsẹ̀ wọn. Kí Fèyísọ́lá, bá mi fi ẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu, kí o sì kí gbogbo àwọn tí a jọ sùn ní yàrá yẹn, títí kan ẹni ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Èmi náà ni, tìrẹ ní ibikíbi, láìní ìrọ̀rí,
Túnbọ̀sún.

ÌKÉDE PÀTÀKÌ
Láti ọ́fíìsì Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Àgbájọ Ọmọ Yorùbá, Àríwá Dallas

A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé a ti tún òfin ipò Olórí yẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Ọládèjì ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ dé Dallas nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni òfin wí. Arábìnrin Jessica Adéfọlá dé Dallas ní ọdún 1987, nípa bíbí. Òun ni Olórí. A kí i kú oríire.

Olórí ti pa àṣẹ àkọ́kọ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: Olórí kò nílò àga, orí fóònù ni yóò ti máa darí ìpàdé. Kí a dá àga onítìmùtìmù padà síwájú ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn ní ọjọ́ ìpàdé kọ̀ọ̀kan ni kó jókòó sí i. Aago mẹ́rin ni ìpàdé ọ̀la.

Yẹ́misí Olúwadára,
Akọ̀wé.

Àkíyèsí: Kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ló wà. Ó ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá Fergus.